Wáyà tuntun, àwo ìdènà iná àti ọ̀pá ayíran lórí kamado: èwo ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe?

Ọmọ_Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Kamado alámọ̀ oní-íńṣì 18 ni mò ń sọ, ààrò èédú oníìdérí tó rí bí ẹyin. Nígbà tó jẹ́ wáyà ìyanran tó bá a wá nìkan ló wà lórí rẹ̀, ẹja àti ẹran ń jinná bó ṣe yẹ. Nǹkan mẹ́ta la ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kún un: àwo amọ̀ ìdènà iná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń wà láàárín èédú àti ẹran, wáyà irin dídà tó jẹ́ ààbọ̀ òbìrìkìtì, àti ọ̀pá ayíran tó ń lo iná mànàmáná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí àwo ìdènà bá ti wọlé, ooru kì í kọjá 150°C lójú tẹmọ́mítà ìdérí, kódà bí a bá ṣí ẹnu afẹ́fẹ́ òkè àti tìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Adìẹ ń jinná nínú, àmọ́ awọ rẹ̀ kì í gbẹ, kì í sì í pọ́n, ṣe ló máa ń fà. Ọ̀rá tó ń kán sórí àwo náà ń jó, èéfín rẹ̀ sì ń mú ẹran korò. Ẹja ń lẹ̀ mọ́ irin dídà, irin náà sì ti ń dógùn-ún. Ọ̀pá ayíran ní tirẹ̀ máa ń yí dé ibì kan, á dúró, á wá já wálẹ̀ lójijì.

Iléyá ń bọ̀, itan àgbò la fẹ́ fi ṣe. Ẹ bá wa dá sí i.


Èédú_Ìgbàjà

Èédú wo lẹ ń lò, báwo lẹ sì ṣe ń kó o sínú ààrò? Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Afẹ́fẹ́ tó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé ló ń mú èédú gbóná nínú kamado. Bí ẹ bá da èédú láti inú àpò bó ṣe wà, èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ àti eruku ìdí àpò á dí ihò wáyà tí èédú jókòó lé. Iná á ràn lókè, á kú nísàlẹ̀. Ẹ kó eérú tẹ́lẹ̀ kúrò pátá, ẹ wá fi ọwọ́ to èédú: àwọn tó tó ìkúùkù sí ìsàlẹ̀, àwọn tó kéré díẹ̀ lé wọn lórí. Èyí tí kò tó ẹyin adìẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún sítóòfù èédú. Ẹ kún un dé ihò afẹ́fẹ́ tó wà lára ibi èédú, ẹ tilẹ̀ lè kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ààbọ̀ kò tó bí àwo ìdènà yóò bá wà lókè rẹ̀, nítorí iná á jìnnà sí wáyà jù.

Ní ti irú èédú, tí ẹ bá rí ti igi ayìn, ẹ mú un. Ó wúwo, ó ń pẹ́, eérú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ fi èédú méjì kan ara wọn: èyí tó jinná dáadáa máa ń dún gbangan, èyí tó ń dún bọ̀ọ̀ ṣì tutù tàbí kò jinná. Bí ẹ bá fọ́ ọ tí ẹ rí àwọ̀ ilẹ̀ nínú rẹ̀, igi ṣì ni, èéfín funfun ni yóò máa rú. Ní àsìkò òjò, inú dúrọ́ọ̀mù oníìdérí ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú àpò lásán ní ẹ̀yìnkùlé. Èédú ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé òjò kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí náílọ́ọ̀nù dá a. Amọ̀ ń fa òórùn mọ́ra, ara oúnjẹ ni yóò sì ti máa jáde. Bébà ìnuwọ́ tí a ta òróró ìdáná sí, tí a rọ sáàárín èédú, tó láti dá a. Bí ẹ bá ń wá 200°C sókè, ẹ dá a lójú mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ iná jẹ́jẹ́ tó máa pẹ́, ojú kan péré.


Ìyá_Alásè_Tánkẹ̀

Òótọ́ ni gbogbo èyí tí Èédú_Ìgbàjà sọ, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé èédú ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ààrò kan náà, èédú kan náà, ó ń gbóná kí àwo ìdènà tó dé. Àwo náà ni kí a yẹ̀ wò.

Ṣé ti ààrò yín gan-an ni wọ́n ṣe é fún? Ẹ gbé e sínú nígbà tí ààrò tutù, ẹ wá ki ìka bọ àlàfo tó wà láàárín etí àwo àti ara ààrò, yí i po. Ó yẹ kó gba ìka méjì, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, níbi gbogbo. Bí kò bá gbà á, ooru kò rí ọ̀nà gòkè. Afẹ́fẹ́ tí kò bá rí òkè gbà jáde kò ní lè wọlé nísàlẹ̀, ẹ ò báà ṣí ẹnu rẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ẹ má sì gbàgbé pé àwo náà wúwo, yóò fa ooru tirẹ̀ kó tó jẹ́ kí ohunkóhun gòkè. Ìṣẹ́jú 30 sí 45 ni ààrò tó ní àwo ìdènà nínú nílò kí ooru rẹ̀ tó dúró sójú kan. Ẹni tó bá wo tẹmọ́mítà ní ìṣẹ́jú 15 á rò pé kò fẹ́ gbóná ni.

Ẹ yọ tẹmọ́mítà ìdérí, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi tó ń hó yàà. Ìlọrin ga tó nǹkan bíi 300 mítà sí òkun, nítorí náà 99°C ló yẹ kó kà. Bí ó bá kà ju bẹ́ẹ̀ tàbí kó dín, nọ́ọ̀tì kékeré wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tí a fi sípánà yí títí yóò fi tọ̀nà. Èyí tí kò bá ní nọ́ọ̀tì, ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ kì í kan adìẹ nígbà tí ẹ bá dé ìdérí. Bí ó bá kan ẹran, ooru ẹran ló ń kà.

Kódà bí ó bá tọ̀nà, ooru òkè ìdérí àti ti ojú wáyà kì í dọ́gba ní wákàtí àkọ́kọ́ tí àwo ìdènà bá wà nínú. Ìyàtọ̀ náà lè tó 20°C, òkè ló sì sábà ń gbóná jù. Tẹmọ́mítà kejì tó ní okùn, tí a fi sójú wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ṣe pàtàkì ju ọ̀pá ayíran lọ. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà sọ ìyẹn.


Ọmọ_Ọ̀fà

Ẹ ṣé gan-an ni, ìyá wa. Ní apá kan, ìka kan ló wọlé. Ní apá kejì, etí àwo kan ara ààrò. Ti ààrò tó tóbi ju èyí lọ ni wọ́n tà fún wa. Tẹmọ́mítà ka 93°C nínú omi tó ń hó. Èédú ààbọ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ṣé a lè fi girándà gé etí àwo náà?


Wẹ́dà_Òmù_Àrán

Ó ṣeé gé. Díìsìkì tí wọ́n fi ń gé táìlì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti irin. Ẹ máa ta omi sí i, ẹ gé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ìbòmú bo imú dáadáa nítorí eruku amọ̀ sísun ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, irin pẹlẹbẹ ni kí ẹ ṣe. Ẹ wọn ìbú inú ààrò níbi tí àwo yóò jókòó sí, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò, kí wẹ́dà gé stainless oní-mìlímítà 3 lóbìrìkìtì ní ìwọ̀n yẹn, kó jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn. Kò ní fọ́ bí ó bá já bọ́, kò ní mu omi.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín fún: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irin tí wọ́n fi síńkì bò ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi funfun àti nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ. Bí síńkì bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ májèlé ni, gbogbo wẹ́dà ló mọ ibà tó ń fà. Wáyà inú fíríìjì àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń yan ẹja lé náà wà nínú rẹ̀. Òmíràn rọ́bà ni wọ́n fi bò ó, òmíràn irin mìíràn tí kò yẹ kó kan oúnjẹ. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ èyí tó dára níbẹ̀, ẹ kúkú fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.


Amọ̀kòkò_Òkèlele

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gé e. Amọ̀ tí iná ti sun kì í la láti àárín, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Girándà á fi ojú sísán kéékèèké tí a kò rí sílẹ̀ létí rẹ̀, iná tí ẹ bá wá dá sí i lẹ́yìn náà ni yóò fà wọ́n gùn. Omi tí ẹ ń ta sí i nígbà tí ẹ ń gé e náà á wọ inú rẹ̀ lọ. Bí amọ̀ tó mu omi bá bá iná pàdé lójijì, omi náà á di ooru nínú rẹ̀ kó tó rí ọ̀nà jáde, àwo á sì fọ́. Bí ẹ bá ti gé e ná, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, ẹ wá fi iná tí kò ju 100°C lọ yá a fún wákàtí méjì kí ẹ tó lò ó rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ààrò fúnra rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lé e fún oṣù mélòó kan, iná àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ jẹ́jẹ́.

Tí ó bá jẹ́ amọ̀ lẹ fẹ́, ẹ lọ bá àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele, ní Ìlọrin níbí. Ẹ gbé ìwọ̀n yín lọ, kí wọ́n mọ àwo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kó kọ́ díẹ̀ láàárín, kí etí rẹ̀ ga díẹ̀. Àwo tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì fẹ̀ ló ń yára là, torí àárín rẹ̀ ń gbóná kí etí tó gbóná. Ẹ sọ fún wọn pé amọ̀ ìkòkò ìdáná ni kí wọ́n lò, èyí tó ní iyanrìn nínú. Iyanrìn yẹn àti ihò kéékèèké inú amọ̀ ló ń jẹ́ kí ìkòkò wa dúró lórí iná igi láìfọ́. Ojú sísán tó bá bẹ̀rẹ̀ á bá wọn pàdé, á dúró. Ẹ sì sọ fún wọn kó tó gbẹ pé amọ̀ ń súnkì bó bá ń gbẹ àti bí wọ́n bá ń sun ún, kí wọ́n mọ ọ́n tóbi díẹ̀ ju ìwọ̀n yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín fi táìlì ilé ṣe é. Ojú dídán rẹ̀ á ta dànù bí ó bá gbóná, ó sì lè wọ ojú.


Wẹ́dà_Òmù_Àrán

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí omi àti sísá a sóòrùn, ẹ ṣé. Lórí irin, mo ṣì dúró síbi tí mo wà. Amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ mọ lè má bá ẹsẹ̀ ààrò mu dáadáa. Irin, mìlímítà sí mìlímítà ni.


Ìyá_Alásè_Tánkẹ̀

Irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ amọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kíákíá ló ń gbóná, ó sì ń ta ooru náà sókè sí ìdí ẹran. Ẹran á jóná nísàlẹ̀ kí òkè tó jinná. Bí irin ni wọ́n máa lò, kó jẹ́ méjì, kí nọ́ọ̀tì tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 1 wà láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ àárín yẹn ló ń dá ooru dúró.

Nọ́ọ̀tì kan náà ló máa parí ọ̀rọ̀ èéfín kíkorò. Ọ̀rá kò gbọdọ̀ kán sórí àwo ìdènà rárá. Ẹ wá àwo agbọ̀rá, páànù kékeré tí kò ga, ẹ gbé e lé orí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tàbí fọ́ìlì tí a ká róbótó, kó má fara kan àwo ìdènà. Bí ó bá jókòó lé e tààrà, ọ̀rá inú rẹ̀ á dín, á jó, á sì rú èéfín bí ẹni pé kò sí páànù níbẹ̀. Omi inú páànù kò pọn dandan. Kamado kì í gbẹ ẹran bíi gíríìlì onírin nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ kò pọ̀, omi sì máa ń jẹ́ kí awọ adìẹ rọ̀ sí i.

Àwo ìdènà tí ọ̀rá ti dà sí, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Yóò mu ọṣẹ náà. Ẹ yí ojú tó dọ̀tí sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ dáná, iná á jó o kúrò.


Ẹlẹ́ran_Ìpàta

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ẹran, torí iná lásán kọ́ ló ń mú awọ adìẹ fà.

Adìẹ wo ni? Bróílà oní-kílò kan ààbọ̀ ló bá ọ̀pá ayíran mu. Adìẹ tó ti yé ẹyin títí tó fi darúgbó, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, kò ní rọ̀ lórí iná gbígbẹ láéláé. Bíbọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ náà, ẹ fi ooru omi sè é díẹ̀ ná. Fún bróílà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi iyọ̀ pa á, ẹ gbé e sínú fíríìjì láìbò ó di ọjọ́ kejì. Awọ tó gbẹ ló ń pọ́n. Ooru 190 sí 200°C, wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ ki tẹmọ́mítà bọ ibi tó nípọn jù lára itan, kó má kan egungun; 74°C ni kí ẹ gbé e kúrò.

Itan àgbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran iléyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí wọ́n gbé lọ sórí iná lọ́jọ́ kan náà, líle ló máa le, nítorí iṣan rẹ̀ ṣì ń gan. Ẹ fi í sínú fíríìjì fún wákàtí 12 ó kéré tán, bí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, inú kúlà oníyìnyín. Iyọ̀ síbí tíì méjì fún kílò kan. Èyí tí ẹ bá máa jẹ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ni kí ẹ yan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi yajì pa á dáadáa kí ẹ sì gbé e sórí ọ̀pá ayíran ní 180°C.


Ìyá_Alásè_Tánkẹ̀

Gbogbo rẹ̀ dára títí dé ìlà tó kẹ́yìn.

Àgbò iléyá kì í ṣe ọ̀dọ́ àgùntàn. Iṣan rẹ̀ ti le, àfi kí ooru jẹ́jẹ́ yọ́ ọ fún wákàtí púpọ̀. Itan oní-kílò méjì ààbọ̀ nílò àwo ìdènà, 130°C lójú wáyà, wákàtí 5 sí 6, títí tẹmọ́mítà inú rẹ̀ yóò fi ka 90 sí 93°C. Ìgbà yẹn ni ẹnu tẹmọ́mítà á wọ inú rẹ̀ láìsí ìjà. Yóò dé nǹkan bíi 70°C, á dà bí ẹni pé kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Omi ara rẹ̀ tó ń gbẹ ló ń mú un tutù. Ẹ má fi iná kún un. Bí àkókò bá ń lọ, ẹ fi fọ́ìlì wé e. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó gé e. Ọ̀pá ayíran, adìẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún.

Yajì sì ní kúlíkúlí nínú. Kúlíkúlí á jóná, á korò kí ẹran tó jinná ní 180°C. Iyọ̀, ata àti ata ilẹ̀ ni kí ẹ fi pa á níbẹ̀rẹ̀, kí yajì dé ní ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn, kí ẹ po ó mọ́ òróró ẹ̀pà díẹ̀.


Ẹlẹ́ran_Ìpàta

Ti kúlíkúlí yẹn, mo gbà. Ti ọ̀pá ayíran, bí àgbò náà kò bá tíì pé ọdún kan, ó ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń pa, òótọ́ ni.

Fún wáyà irin dídà tó ń dógùn-ún, ẹ fi òrí tàbí epo pupa pa á, ẹ gbé e sórí iná. Ó tán.


Ìyá_Alásè_Tánkẹ̀

Òrí àti epo pupa kọ́. Àwọn méjèèjì máa ń dì, wọn kì í yí padà di awọ líle lórí irin. Á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ẹja á sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró sóyà ló dára jù, ti ẹ̀pà tẹ̀ lé e.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìdógùn-ún náà kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ gbé e lé iná kó gbẹ pátápátá. Ẹ fi òróró pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wá mú àkísà gbígbẹ, ẹ nù ún bí ẹni pé ẹ fẹ́ nu gbogbo òróró náà kúrò. Èyí tó kù tí ẹ kò rí ló tó. Bí ó bá pọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ẹ gbé e sínú kamado ní 220 sí 230°C fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó tutù nínú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tòmátò sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi.

Ẹja àrọ̀ ní yọ̀rọ̀ lára. Ẹ fi iyọ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ họ ọ́ kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró pa ẹja fúnra rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Ojú irin gbọ́dọ̀ ti kọjá 200°C. Ẹ gbé e lé e, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ó bá ti jinná nísàlẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò já. Ẹni tó bá fi ipá yí i ló ń fi awọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹnì kankan kò tíì sọ rèé: àwo ìdènà tó bo gbogbo ààrò àti wáyà irin dídà kò lè ṣiṣẹ́ papọ̀. Irin dídà ń fẹ́ iná tààrà lábẹ́ rẹ̀ kó tó lè fi àmì sára ẹran. Bí ẹ bá máa ṣe àwo tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní ààbọ̀ méjì. Bí ẹ bá fi ààbọ̀ kan sí i, irin dídà á wà lódì kejì, ẹ ó ní ibi gbígbóná àti ibi jẹ́jẹ́ nínú ààrò kan náà. Adìẹ á jinná ní ibi jẹ́jẹ́, á wá pọ́n lódì kejì. Wàrà náà dùn lórí irin dídà yẹn gan-an. Wàrà tí wọ́n fi ewé bòmubòmu mú dì kì í yọ́, kìkì pé kí ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ gé e nípọn.


Amọ̀kòkò_Òkèlele

Ààbọ̀ méjì yẹn, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Amọ̀ tó kéré kì í là bíi èyí tó fẹ̀. Kí wọ́n gé e sí méjì nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, kí wọ́n tó sun ún.


Èédú_Ìgbàjà

Ẹ̀yin tó ń ra nǹkan tuntun, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ dáná láìsí ẹran, kí ohun tuntun kan péré wà nínú rẹ̀. Ẹ to búrẹ́dì gígé bo ojú wáyà ní 180°C fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wá yí wọn. Ibi tó dúdú ni iná ti ń gbà kọjá, ibi tó funfun ni kò dé. Búrẹ́dì yẹn á fi hàn yín bóyá àwo jókòó sáàárín tàbí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má jẹ́ kí ooru kọjá ibi tí ẹ ń lọ, torí amọ̀ kì í yára tutù. Bí ẹ bá ń lọ 130°C, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu afẹ́fẹ́ dé ní 105. Ẹ dúró títí èéfín funfun nínípọn yóò fi di fẹ́lẹ́ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí i kí ẹran tó wọlé.

Bí ooru bá ti kọjá 200°C, ẹ má ṣí ìdérí wàì. Ẹ gbé e sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún gbé e, kí ẹ tó ṣí i tán. Èédú tó ti ń pòǹgbẹ afẹ́fẹ́ á fi iná ráńpẹ́ bú jáde sójú ẹni tó bá ṣí i lójijì. Kí àwọn ọmọdé jìnnà.

Bí ẹ bá fẹ́ òórùn èéfín, igi mángòrò tàbí gúáfà gbígbẹ, ègé méjì tó tó ìkúùkù. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Èèpo kóró kajú tó pọ̀ ní agbègbè wa kò ṣeé lò, òróró inú rẹ̀ ń bó ara, èéfín rẹ̀ kò dára fún ọ̀fun àti ojú. Ègé pákó láti ibi ìlagi náà, ẹ kò mọ oògùn tí wọ́n fi kùn ún.


Wẹ́dà_Òmù_Àrán

Ọ̀pá ayíran kù. Èyí tó ń dúró tó sì ń já wálẹ̀, ẹran rẹ̀ kò dọ́gba lórí ọ̀pá. Kí ẹ tó gbé e sórí ààrò, ẹ gbé ẹnu ọ̀pá méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́. Bí apá kan bá ń yí wálẹ̀ nígbà gbogbo, ibẹ̀ ló wúwo. Ẹ tún ẹran gún, tàbí kí ẹ yí irin adọ́gba sí òdì kejì bí ó bá ní in. Ẹ so apá àti ẹsẹ̀ adìẹ mọ́ra pẹ̀lú okùn òwú, kì í ṣe ti rọ́bà. Ẹ fi ẹ̀mú mú bọ́ọ̀tì fọ́ọ̀kì rẹ̀ le, kì í ṣe ọwọ́ lásán, torí ooru ń tú u. Kí èédú wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwo agbọ̀rá wà ní àárín lábẹ́ ẹran.

Kí ẹ tó so ó mọ́ iná mànàmáná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì náà. Bí ó bá kọ 120V, ti Amẹ́ríkà ni, 230V wa á jó o. Ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù láti 230V sí 120V.


Ọmọ_Ọ̀fà

120V 60Hz ló wà lára rẹ̀. Step-down ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ṣeé so mọ́ ínfátà? Àti pé, èédú mélòó ni kí a kó fún wákàtí mẹ́fà?


Wẹ́dà_Òmù_Àrán

Step-down ń tún fóòtì ṣe, kì í tún Hz ṣe, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiwa jẹ́ 50, nítorí náà irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yí díẹ̀díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é, bíi ìdá kan nínú mẹ́fà. Kò ba ẹran jẹ́, àmọ́ ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò fi lè dúró lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ínfátà á gbé e, kìkì pé kó jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti iná ìjọba. Èyí tó bá ń kùn bí ẹ ti so ó mọ́ ọn, ẹ yọ ọ́. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ máa fi ọwọ́ yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.


Èédú_Ìgbàjà

Fún wákàtí mẹ́fà ní 130°C, kílò 4 sí 5 ti pọ̀ tó nínú oní-íńṣì 18, á tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ kún un, ẹ dá a lójú kan, ẹnu afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kó ṣí bíi sẹ̀ǹtímítà 1, tòkè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ pa ẹnu méjèèjì dé pátá, ẹ má ta omi sí i. Iná á kú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbọn eérú kúrò lára èyí tó ṣẹ́kù, ẹ kó o sí òkè èédú tuntun, torí ó ti kéré, á dí ihò bí ó bá wà nísàlẹ̀.